Ilẹ̀ Tí Kò Gbè Sẹ́yìn Ẹnikẹ́ni

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kejì

Akọ̀wé ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì wa kì í kan ilẹ̀kùn. Mo ń fọ abọ́ lọ́wọ́ nígbà tó wọlé tòun ti lẹ́tà, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Ikọ̀ àlejò kan ń bọ̀ láti òkè òkun. Wọ́n fẹ́ bá wa gbá eré ọlọ́jọ́ mẹ́ta, yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ nípa ìlú wa, nípa odi àtijọ́, àwọn ère àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, pé ibi tí èèyàn ti lè rí gbogbo ìyẹn láàárọ̀ kó sì gbá kíríkẹ́ẹ̀tì lọ́sàn-án ò pọ̀ láyé.

"Ìyá Pápá," ó ní, "pápá ti ṣetán, àbí?"

Mo wò ó títí. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó yọ̀ǹda pápá fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kí wọ́n máa yan bí ológun lórí ẹ̀. Ilẹ̀ àárín, ilẹ̀ tóóró tí bọ́ọ̀lù ń balẹ̀ sí, ti rí bí ẹ̀yìn ààrò. Mo ní kò ṣetán. Ó ní, "Ẹ ó ṣe é, mo mọ̀ yín." Ó jókòó, ó mu omi, ó lọ. Kò bi mí pé kí ni mo nílò.

Mo sọ fún Bàbá. Ọdún kẹta rèé tí ẹ̀gbà ti mú wọn lápá ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ wọn ò já geere mọ́, èmi àti àbúrò mi nìkan ló ń gbọ́ ọ yékéyéké. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi tọ́jú pápá yẹn kó tó bọ́ sí mi lọ́wọ́, nítorí náà mo rò pé inú wọn á dùn. Wọ́n bi mí pé ìlú wo ni àwọn àlejò náà ti ń bọ̀. Mo sọ ọ́. Wọ́n kọjú sí ògiri.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Èmi àti Díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hú ilẹ̀ àárín. Orúkọ tí wọ́n sọ alábàáṣiṣẹ́ mi nìyẹn, nítorí kò sí iṣẹ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀ níwájú ẹ̀ tí kò ní sọ pé díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni, egungun ẹ̀ sì le, àmọ́ mo ti hú ìdajì kó tó rí ibi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn láti fi ẹ̀wù ẹ̀ kọ́.

Abẹ́ ilẹ̀ burú ju òkè lọ, iyanrìn ni. Bọ́ọ̀lù tó bá balẹ̀ sórí iyanrìn, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó máa gbà. Amọ̀ ọ̀gán ni mo nílò. Òun nìkan ló ń dì bí irin.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Ọ̀gán tí Bàbá máa ń gbẹ́ wà lẹ́yìn odi àtijọ́. Mo débẹ̀, mo bá ọgbà wáyà tuntun, pátákó wà lára ẹ̀: OHUN ÀJOGÚNBÁ. Ẹ MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN.

Mo lọ bá Àǹtí tó ń ṣàkóso ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ọmọdébìnrin ni lójú mi, kò tíì ju ọdún márùndínlógójì lọ, ó sì ní sùúrù tó ń mú èèyàn bínú.

"Ẹ̀gbọ́n, odi àti gbogbo ohun tó yí i ká là ń dáàbò bò."

"Ọ̀gán kì í ṣe odi. Ikán ló kọ́ ọ."

"Ikán ti ń gbé ibẹ̀ kí ìlú tó dé."

"Ṣé ẹ ti bi wọ́n bóyá wọ́n lòdì sí i?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n kọ̀wé. Mo jókòó sórí àga ẹ̀, mo kọ ọ́. Ó kà á, ó ní ẹ̀dà mẹ́ta ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Ó gbà, àmọ́ bí ẹni fi ọmọ fọ́kọ ló ṣe gbà. Apá ibi tí òjò ti wó lulẹ̀ nìkan ni ká kó, òun fúnra ẹ̀ sì máa wà níbẹ̀ pẹ̀lú asẹ́, gbogbo páànù ló máa gbà á kọjá. Ní páànù kẹta, ó rí àpáàdì kan. Iṣẹ́ dúró fún wákàtí méjì. Ó yà á ní fọ́tò, ó wọ̀n ọ́n, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Mo ní irú àpáàdì bẹ́ẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ilé ìdáná mi, kò sì sẹ́ni tó wá yà wọ́n ní fọ́tò rí.

Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ nínú ìwé ara mi: asẹ́ ẹ̀ kó gbogbo òkúta àti gbòǹgbò kúrò. Láti ọdún tí mo ti ń bá amọ̀ ṣeré, mi ò rí èyí tó mọ́ tó báyìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ìpele amọ̀ kẹta ti wọlẹ̀. Ó kù ká yí rólà sí i láràárọ̀ láti fún un pọ̀. Lónìí, ọ̀pá àárín rólà kán sí méjì níbi tó ti ń yípo. Díẹ̀díẹ̀ wò ó, ó ní ó yẹ kó ti kán tipẹ́. Ọ̀rọ̀ ìtùnú tó ní nìyẹn. A gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, kó bá wa jó o pọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Wẹ́dà ní ọ̀la.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún

Wẹ́dà ní ọ̀la. Mo ní ọ̀la tó wí lánàá dà? Ó ní ìyẹn ti kọjá.

Oòrùn ń ràn bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Tí amọ̀ bá gbẹ kí n tó yí i, ó máa la, mo sì máa tún un hú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo gbé iṣu sísè mi, mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà láti aago méje àárọ̀. Gbogbo oníbàárà tó bá dé, mo máa kí i, mo máa wá sọ fún un pé láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni rólà mi ti wà ńlẹ̀ níbí. Mi ò bú ẹnikẹ́ni. Méjì yí padà. Nígbà tó máa di ọ̀sán, rólà ti ń yí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Àbúrò mi ni balógun ikọ̀ wa. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, òun àti Akọ̀wé jọ wá. Mo ti mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, nítorí àbúrò mi ló bá mi palẹ̀ abọ́ mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "àwọn tó ń bọ̀ yìí jù wá lọ. Wọ́n ní ẹnìkan tó ń ju bọ́ọ̀lù bí ẹni sọ òkò. Ẹ ràn wá lọ́wọ́."

"Irú ìrànlọ́wọ́ wo?"

Akọ̀wé ló dáhùn. Ó ní kí n jẹ́ kí ilẹ̀ àárín rọ̀ díẹ̀ ní ìkángun apá òkè, kí bọ́ọ̀lù lè máa fò lójijì. Àwa nìkan la máa mọ̀, a sì máa mọ ìgbà tó yẹ ká lò ó.

"Ìlú yìí ti na àwọn yẹn rí," Akọ̀wé ní. "Ayò mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n péré ni wọ́n rí kó, kílẹ̀ tó ṣú a ti nà wọ́n tán. Títí dòní ni àwọn èèyàn ṣì ń sọ ọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá yín ni."

"Iṣẹ́ àwọn ajubọ́ọ̀lù ni," mo ní.

"Ọmọ Bàbá kan náà ni wá," àbúrò mi ní. "Ẹ má jẹ́ kí ojú tì mí nílé wa."

Mo ní mo máa rò ó. Ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ kí àlejò máa lọ ni.

Bí wọ́n ṣe jáde, mo gbọ́ tí Bàbá ń fi ọ̀pá gbá ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ilẹ̀kùn yàrá wọn ò tì. Mo wọlé, mo rò pé omi ni wọ́n fẹ́.

"Má ṣe é," wọ́n ní.

Mo ní kí ni mi ò gbọdọ̀ ṣe? Ó wá jáde lẹ́nu wọn ní ègé ègé, fún bí ìdajì wákàtí, mo sì ń nu itọ́ ẹnu wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ eré yẹn, kí ẹnikẹ́ni tó jí, Bàbá bu omi sí apá òkè ilẹ̀ àárín, wọ́n gbá ilẹ̀ gbígbẹ bò ó. Wọ́n ti sọ fún balógun ìgbà náà pé kó jẹ́ kí àlejò kọ́kọ́ gbá, nítorí tó bá di ọ̀sán, ó ti gbẹ. Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ sí í fò sí àwọn àlejò lójú. Eyín ẹnìkan ká. Bọ́ọ̀lù fọ́ ìka ọ̀dọ́mọkùnrin kan mọ́ ara igi tó fi ń gbá. Bàbá ní àwọn gbọ́ ìró ìka náà láti ẹ̀gbẹ́ pápá.

"Wọ́n gbé mi léjìká lọ́jọ́ yẹn," wọ́n ní. "Mi ò lè sọ̀ kalẹ̀."

Orí ìtàn yẹn la ti jẹun dàgbà. Orí ẹ̀ ni wọ́n fi gbé iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́, tí wọ́n ní ẹni tó bí mi kò bí mi lásán. Mo bínú sí Bàbá gan-an. Àmọ́ èèyàn ò lè bínú dáadáa sí ẹni tí òun ṣì máa fi síbí bọ́ lálẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Akọ̀wé ti pinnu pé a ò ní gba àlejò láìsí oníjó, láìsí ìtẹ́ gíga àti àga irínwó. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo dé pápá ní aago mẹ́sàn-án, mo bá ọkọ̀ akẹ́rù tó kún fún àga láàárín pápá, táyà iwájú ẹ̀ wà lórí apá ìsàlẹ̀ ilẹ̀ àárín mi.

Awakọ̀ ní, "Màámi, ilẹ̀ lásán ni mo rí."

Mi ò pariwo. Mo lọ dúró síwájú ọkọ̀ ẹ̀, mo ní kò gbọdọ̀ lọ síwájú, kò sì gbọdọ̀ padà sẹ́yìn, àfi tí wọ́n bá fọwọ́ kó ẹrù ẹ̀ tán kí ó lè fúyẹ́. Akọ̀wé dé, ó ní kí n má ṣe le báyìí. Mo ní kó máa gbé àga. Ó rò pé àwàdà ni. Díẹ̀díẹ̀ gbé mẹ́rin lé e lọ́wọ́. Irínwó àga, wákàtí mẹ́ta. Nígbà tó yá, ó bọ́ táì ẹ̀.

Ipa táyà náà jìn tó ìka méjì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

A hú apá ìsàlẹ̀. Amọ̀ ò kù. Mo tún ní láti lọ bẹ Àǹtí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, mo ti ń to ọ̀rọ̀ lẹ́nu láti ilé. Kó tó di pé mo sọ ọ́ tán, ó ti ń wá asẹ́ ẹ̀. Ó bá wa rù ú. Nígbà tó rí ipa táyà tó kù lórí pápá, ó fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́, ó padà wá pẹ̀lú wáyà àti òpó, ó sọgbà yí ilẹ̀ àárín ká, ó sì gbé pátákó ẹ̀ kọ́ ọ: OHUN ÀJOGÚNBÁ. Ẹ MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN.

Mo ní ẹ̀dà mélòó ni kí n kọ? Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí eyín ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Òjò lójijì. Èmi àti Díẹ̀díẹ̀ fi tapólì bo gbogbo ẹ̀. Ó sáré. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí kò sẹ́ni tó máa gbà mí gbọ́: Díẹ̀díẹ̀ sáré.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Àwọn àlejò dé. Gbogbo wọn lọ jókòó gba ìkíni Akọ̀wé, àfi olórí ìrìn-àjò wọn, bàbá arúgbó kan tó wọ fìlà funfun. Tààrà ló wá síbi ilẹ̀ àárín. Ó ka pátákó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé òun lè wọlé. Ó bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ilẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó pẹ́ ní apá òkè.

Ìka tó kéré jù lọ́wọ́ òsì ẹ̀ tẹ̀ síta, bí ìwọ̀ ìpẹja.

"Ta ló ṣe é?" ó ní.

"Èmi ni, sà."

"Ọwọ́ ta lẹ ti kọ́ ọ?"

Mo ní ọwọ́ bàbá mi. Ó bi mí bóyá wọ́n wà láyé. Mo ní wọ́n wà, àmọ́ ara wọn ò yá. Ó ní kí n bá òun kí wọn.

Mi ò tíì jíṣẹ́ o. Mo délé, mo ń gbá ilẹ̀ tó ti mọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo jíṣẹ́. Bàbá bi mí pé ìka wo ni. Mo fi hàn wọ́n lára tèmi. Wọ́n ní kí n gbé àwọn lọ sí pápá. Mo ní dókítà kọ̀. Wọ́n ní dókítà kì í ṣe bàbá àwọn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo bá àbúrò mi ní pápá láàárọ̀ kùtù. Ó ń fi gìgísẹ̀ tẹ apá òkè. Ó gbẹ, ó dì, bákan náà pẹ̀lú ìsàlẹ̀. Ó wò mí, kò kí mi. Ó rékọjá lọ bí ẹni tí mi ò pọ̀n sẹ́yìn rí.

Àlejò gbá, wọ́n kó ayò 204. Bọ́ọ̀lù kan ò fò lódìkódì. Mo ka gbogbo ẹ̀, ọrùn ń dùn mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Àwa kó 193. Àbúrò mi nìkan kó 81. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù bí òkò yẹn sọ gbogbo agbára ẹ̀ sí i, àbúrò mi dúró, ó ń gbá a lọ, nítorí ibi tó bá fojú sí ni bọ́ọ̀lù ń gbà. Nígbà tó jáde, àwọn àlejò pàtẹ́wọ́ fún un. Kò wo ibi tí mo wà.

Àlejò tún kó 168. Ó ku 180 ká borí. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn mi ń sọ pé nígbà ayé Bàbá, eré ti máa ń tán kó tó di báyìí. Mo ní Bàbá ò tíì kú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ó rẹ̀ mí, àmọ́ mo gbọdọ̀ kọ tòní.

Bàbá ò jẹun àárọ̀ títí mo fi gbà. Nígbà tó di ọ̀sán, aládùúgbò fi mọ́tò gbé wa. Èmi àti Díẹ̀díẹ̀ gbé wọn tàga tàga lọ sí etí pápá, wọ́n sì ń kígbe pé ká rọra, bí ẹni pé àwọn ni ẹyin. Olórí àlejò rí wa. Ó dìde níbi tí wọ́n ti ń bu tíì fún un, ó gbé àga tiẹ̀ wá.

Wọ́n wo ara wọn. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, bàbá àlejò sì tẹ etí sílẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀. Ó kọjú sí mi.

Mo mọ ohun tí Bàbá sọ. Mo ní, "Wọ́n ní ẹ kú ọ̀sán."

Bàbá fi ọ̀pá gbá mi lẹ́sẹ̀. "Sọ ohun tí mo sọ."

Kí ni mo máa ṣe? Mo tún sọ. Ohùn tèmi ló gbé e jáde, nínú ọ̀rọ̀ tèmi, bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é: "Mo bu omi sí i. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Mo rí i tí ìka yín kán, mo sì jẹ́ kí wọ́n gbé mi léjìká." Lẹ́yìn wa ni àwọn èèyàn ti ń pariwo, ayò ń wọlé, ẹnìkan jáde, mi ò yíjú wò ó. Àádọ́ta ayò tó kẹ́yìn nínú eré tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pèsè sílẹ̀ fún, ògbufọ̀ ni mo fi ṣe.

Bàbá àlejò wo ìka ẹ̀.

"Mo mọ̀," ó ní. "Mo fọwọ́ kan ilẹ̀ yẹn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹrẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bóyá ẹnìkankan níbí mọ̀. Mo ti ń rò ó pé bóyá àṣìṣe ni. Ó máa ń dùn mí ju ìka lọ, pé mi ò mọ̀."

Mi ò ní láti tún ìyẹn sọ fún Bàbá. Etí wọn ò ṣàìsàn. Wọ́n ń sunkún ní ẹ̀gbẹ́ kan ojú, ẹ̀gbẹ́ tó ṣì ń gbọ́ràn. Bàbá àlejò fa àga ẹ̀ sún mọ́ wọn, ó jókòó síbẹ̀. Wọ́n jọ ń wo eré.

Ayò méje la fi pàdánù.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Àwọn àlejò ti lọ wo odi àti àwọn ère kí wọ́n tó gbéra. Akọ̀wé wá ní aago mẹ́jọ. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó kan ilẹ̀kùn. Ó ní ìgbìmọ̀ máa jókòó lórí "ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àárín", pé àwọn kan ní ó yẹ ká wá ọkùnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé Bàbá. Mo ní kí wọ́n jókòó, àga wà.

Àbúrò mi dé lẹ́yìn ẹ̀. Ó jẹun. Nígbà tó fọwọ́ tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò kó tó 81 rí láyé mi." Mo ní mo mọ̀. Ó ní òun máa wá bá mi yí rólà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. A ó rí i.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ti oúnjẹ tèmi nígbà tí ọ̀pá tún dún mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Mo lọ. Bàbá ní kí n lọ pe Akọ̀wé padà, kó kó gbogbo ìgbìmọ̀ ẹ̀ wá, àwọn ní ọ̀rọ̀ tí àwọn fẹ́ bá wọn sọ nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àwọn.

"Ẹ ti sọ ọ́, Bàbá. Ẹ ti sọ ọ́ fún ẹni tó ni ín."

"Ìlú ò tíì gbọ́."

"Ẹnu mi náà lẹ tún máa fi sọ ọ́?"

"Ẹnu ta ni mo tún ní?"

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n jẹun ná. Wọ́n ní kí n jẹ ẹ́ kíá.